Jámánì wá onímọ̀ kọ̀ǹpútà lọ sókè òkun: ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fáwọn oníléeṣẹ́ kékeré

Owó nìkan kọ́ ló ń mú òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ jókòó síbi kan. Ẹ̀yin oníléeṣẹ́ tẹ́ ẹ ti wá ẹnjiníà títí tẹ́ ẹ ò rí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tójú Jámánì rí.

Lọ́dún 2000, àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ibẹ̀ figbe ta pé àwọn ò rí òṣìṣẹ́ gbà mọ́. Gerhard Schröder tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà náà gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Green Card, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún náà. Èèyàn 20,000 ni wọ́n fẹ́ gbà láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí kò bá níwèé ẹ̀rí yunifásítì pàápàá lè wọlé, bí iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbà á bá ti lè san 100,000 máàkì fún un lọ́dún.

Owó ńlá nìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí ètò náà fi parí lọ́dún 2004, èèyàn 20,000 yẹn ò pé. Lóòótọ́, ọjà kọ̀ǹpútà dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2001, ṣùgbọ́n ètò náà fúnra ẹ̀ lábùkù. Ọdún márùn-ún péré ni wọ́n fún àlejò, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ò sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Blue Card dé lọ́dún 2012, wọ́n tún un ṣe: nígbà náà, lẹ́yìn oṣù 33, òṣìṣẹ́ lè gbàwé àtimáa gbébẹ̀ lọ. Oṣù 21 ni fẹ́ni tó bá gbédè wọn dáadáa.

Kí ló kàn yín níbẹ̀? Bẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ mú ẹni tó mọṣẹ́ wá láti ìlú mìíràn, ìbáà jẹ́ Kútọnu tàbí Lọ́mẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ iye ọdún tẹ́ ẹ ó fi gbà á àti ohun tó máa jẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ béèrè ibi táwọn ẹbí rẹ̀ máa gbé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ fi ọmọ iṣẹ́ yín sábẹ́ rẹ̀ látọjọ́ kìíní. Ìjọba Nàìjíríà náà ń béèrè èyí: iléeṣẹ́ tó bá gbàṣẹ láti gba òyìnbó tàbí àjèjì síṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọmọ Nàìjíríà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa kọ́ṣẹ́ náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí àlejò bá dì í lẹ́rù, ẹ̀rọ á dákẹ́, oníbàárà á sì gba ibòmíì lọ. Aṣọ àyálò kì í yẹni, rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni í bá ni mu.