Etí Omi Ni Kó O Lọ

Ọmọ mi, jókòó. Fáìlì pròjẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì tó o gbé wá yìí, mo ti rí irú ẹ̀ rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀wé nítòsí géètì Ìbà ti yunifásítì LASU. Taipúráítà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àṣìṣe kan ṣoṣo lè mú kéèyàn tún odindi ojú ewé tẹ̀. Lónìí, láti ibí dé Okokomaiko, àwa oníwèé pọ̀ bí ẹni dà á sílẹ̀: a ń tẹ̀, a ń ṣe fọ́tókọ́pì, a ń báíńdì. Àwọn kan nínú wa sì ń ta pròjẹ́ẹ̀tì bí ẹní ń ta gúgúrú.

Jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ná. Ọmọkùnrin kan gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ wá, lórí àwọn ẹlẹ́ja Ìbàdàn. Ó ní, “Màmá, ẹ bá mi sọ Ìbàdàn di Ọ̀jọ́.” Kí ló kàn mí? Mo ní kí kọ̀ǹpútà yí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gbowó mi. Nígbà tó máa fi padà dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Olùkọ́ rẹ̀ ti fi báírò pupa fa ìlà yí ibì kan ká lójú ewé ìkẹyìn: Ibadan University Press ti di Ojo University Press! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Alẹ́ ni ojú tó tì mí. Mi ò ṣe irú ẹ̀ mọ́.

Àbí kí ni ará Ọ̀jọ́ ń wá lọ sọ́dọ̀ ẹja Ìbàdàn? Ọ̀sà nìyẹn lẹ́yìn ilé wa. Jí lọ sétí omi, bá ìyá tó ń yan ẹja jókòó. Bi í pé igi wo ló fi ń dáná, èwo ló ń mú ẹja korò, báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ dénú. Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, má bá a tún un sọ. Kó o sì ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, torí o ti dá a dúró lórí ọjà. Tí ẹja ò bá wù ẹ́, ọjà Àlàbá ńkọ́? Wo bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń fetí mọ ohun tó ń ṣe jẹnẹrétọ̀ kó tó tú u.

Má rò pé ìyá arúgbó kàn ń sọ̀rọ̀ ni o. LASU yìí, tí Jakande, gómìnà Èkó nígbà yẹn, dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola wà tó fi gbé ọ̀nà ìkọ́ni kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CTCA. Kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, á kọ́kọ́ rán àwọn ọmọ lọ sílé: ẹ lọ bi àwọn òbí yín, kí ni wọ́n ń ṣe nílé tó bá ẹ̀kọ́ yìí tan? Àwọn ọmọ á tún wá a lórí fóònù, kí wọ́n tó jọ sọ ọ́ ní kíláàsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń rán ọmọ sí ìyá rẹ̀!

Gbé fáìlì ẹ. Tó o bá tetí omi dé, ìwé tó o fọwọ́ ara ẹ kọ ni kó o mú wá, ì báà rí wúruwùru, ì báà máa rùn bí ẹja. Màá tẹ̀ ẹ́ fún ẹ. Owó báíńdì nìkan ni màá gbà.