Iṣan Wíwú Nínú Àpò Ẹpọ̀n

Nígbà tí ilé kò bá gbọ́ igbe ọmọ, aya ni à ń kó kiri ọ̀dọ̀ oníṣègùn. A kì í yẹ ọkọ wò. Èyí kò tọ́. Àrùn kan wà, varicocele ni àwọn dókítà ń pè é, tí í mú kí àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ẹpọ̀n wú. Kì í ṣe ìpá. Bí ọkùnrin bá wà ní ìdúró, wọn a dà bí ekòló tí ó lọ́ mọ́ra. Bí ó bá dùbúlẹ̀, wọn a lọ sílẹ̀. Bí 15 nínú 100 ọkùnrin ni ó ní i, lápá òsì jù lọ. Ẹpọ̀n ń fẹ́ ìtutù ju ara yòókù lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dúró sójú kan a mú un gbóná, irúgbìn inú àtọ̀ a dín, èyí tí ó kù a sì di aláìlera. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tí ó ní i ń bímọ. Kí tọkọtaya tí ó ti retí ọmọ fún ọdún 1 jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí àtọ̀ kò bá dára, dókítà lè fi abẹ di àwọn iṣan náà. Àgbo kò lè dì wọ́n. Irúgbìn titun a gba bí oṣù 3 kí ó tó gbó. Ṣùgbọ́n wíwú tí kò bá lọ sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, kí a tètè fi í han dókítà, nítorí ó lè jẹ́ pé kókó kan nínú ikùn ni ó dí iṣan.