Ọ̀sẹ̀ Kan Lọ́dọọdún Nínú Ilé Ìsinmi: Kí Ẹ Tó Rà Á Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ti Ni Ín

Ẹ̀kọ́ tòní kò jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tí ẹ ti mọ̀ mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ owó ni. Lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, màmá kan láàárín wa fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan nídìí tábìlì tíì, ó yọ ìwé kan nínú báàgì rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bá mi ka èyí. Ojú mi ò ríran tó, ọkàn mi náà ò sì balẹ̀." Obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ ta ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ní Tenerife fún màmá ní £500. Ilé oníyàrá méjì ni, ọ̀sẹ̀ 32, lọ́dọọdún. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sójú ìwé náà pé ọ̀sẹ̀ yìí dájú, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ onílé.

Màmá ní, "Ṣé kí n rà á? Àwọn ọmọ-ọmọ mi á gbádùn ẹ̀." Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sílé, kí n fara balẹ̀ kà á." Mo mọ̀ pé kì í ṣe màmá nìkan ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ lọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí gbogbo wa jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí wọ́n ń pè ní timeshare kò ṣàjèjì sí wa bí a bá rántí èésú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pawọ́ pọ̀ sórí ilé kan, kálukú sì ní ìgbà tirẹ̀ nínú ọdún. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ọdún ní. Wọ́n á yọ ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sílẹ̀ fún àtúnṣe, wọ́n á sì ta ìyókù fún ìdílé bí 50. Ṣùgbọ́n bí èésú bá yí ká tán, ó tán nìyẹn. Èyí kì í tètè tán. Yàtọ̀ sí owó tí ẹ fi rà á, owó ìtọ́jú ilé ń bọ̀ lọ́dọọdún: owó ọ̀dà, owó omi ìlúwẹ̀ẹ́, owó òrùlé, owó orí ilé, àti owó oṣù àwọn tó ń gbálẹ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Bí ohun ńlá kan bá sì bàjẹ́, wọ́n lè pín owó àfikún fún gbogbo àwọn tó ni ọ̀sẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí kò rí bákan náà. Ẹlòmíràn ra nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kan pàtó nínú yàrá kan pàtó, irú èyí ni wọ́n ń pè ní ọ̀sẹ̀ tó dájú. Ẹlòmíràn ra ọ̀sẹ̀ tó ń rìn káàkiri, tí yóò máa bá àwọn yòókù du àyè lọ́dọọdún, ẹni tó bá tètè pè ló ń rí èyí tó dára mú. Àwọn mìíràn ra póíǹtì lásán. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ lẹ́nu pé ọ̀sẹ̀ òun dájú, ẹ wá nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ náà àti nọ́ńbà ilé náà nínú ìwé àdéhùn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Kí ló dé tí àlòkù rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 2014, èmi àti ọkọ mi lọ sí erékùṣù Tenerife kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá wa dúró létí òkun, ó fún wa ní káàdì kan kí a fi owó ẹyọ họ ọ́. A jẹ ẹ̀bùn. (Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó bá họ ọ́ ló ń jẹ.) Wọ́n ní kí a wá gba ẹ̀bùn wa lọ́fíìsì, wákàtí mẹ́rin la sì fi jókòó níbẹ̀. Nígbà tí ebi ti ń pa ọmọ wa, tó ti ń sunkún, a buwọ́ lu ìwé £11,000. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn tí a ti délé tí orí wa ti wálé, a kọ lẹ́tà pé a kò ṣe mọ́, a sì fi ránṣẹ́ ní ọ̀nà tí ẹni tó gbà á fi ní láti buwọ́ lùwé. Òfin fún wa ní ọjọ́ 14, ìyẹn ló yọ wá. Ẹni tí kò bá ní irú ọjọ́ 14 yẹn, tàbí tó jẹ́ kó kọjá, ni ẹ ó rí lẹ́yìn ọdún mélòó kan tó ń ta tirẹ̀ ní £500, àní tó ń ta á ní £1 péré lórí eBay.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú wa yóò bá rà á rárá, àlòkù ni kó rà. N kò rí ìdí kankan láti ra tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: kí ló lè mú ènìyàn ta ohun tó ra ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní £1? Owó ọdọọdún yẹn ni ó ń sá fún. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló gba ẹrù náà rù.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Ìdánilójú inú ìwé màmá ní ojú méjì. Ojú kan ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀ 32 lọ́dọọdún. Ojú kejì ni pé òun náà gbọ́dọ̀ sanwó ọ̀sẹ̀ 32 lọ́dọọdún, bó lọ, bí kò lọ. Ọdún tí ara kò bá yá, ọdún tí ìsìnkú bá gbé wa lọ sílé, ọdún tí wọ́n bá dá wa dúró níbi iṣẹ́, owó náà kò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Bí a kò bá sì san án, wọ́n lè gba ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n sì lè pe gbèsè náà lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Iye yìí jẹ́ àpẹẹrẹ. Ti ibi tí ẹ fẹ́ rà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ká ní owó ìtọ́jú ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ £750, tó sì ń fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dọọdún. Ní ọdún kẹwàá yóò ti di nǹkan bí £1,163. Bí a bá ro ọdún mẹ́wàá pọ̀, £9,433 ni. Ẹ fi £500 tí a fi rà á kún un, kí ẹ fi £200 fún yíyí orúkọ padà. Ó ti kọjá £10,100. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ná wa ní £1,010 ó lé díẹ̀, a kò sì tíì wọ bàálù, a kò tíì jẹun. Ṣé ẹ rí i pé £500 tó wà lójú ìwé kò ju nǹkan kékeré lọ nínú rẹ̀? Owó yẹn ni kí ẹ wá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ilé bẹ́ẹ̀ yóò ná yín bí ẹ bá kàn háyà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní oṣù kẹjọ, tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà lè rí èrè díẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, kò dá mi lójú rárá.

Èyí ló mú wa dé orí nọ́ńbà ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìsinmi ń ka ọ̀sẹ̀ láti Sátidé àkọ́kọ́ nínú ọdún, àwọn mìíràn ń kà á láti Fúráìdè tàbí Sọ́ńdè. Ẹ béèrè kàlẹ́ńdà wọn. Bí a bá kà á láti Sátidé, ọ̀sẹ̀ 32 kì í bẹ̀rẹ̀ kó tó di 5 oṣù kẹjọ, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ kó kọjá 12 oṣù kẹjọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ wa máa ń wà nílé nígbà náà. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 ìtanràn ẹni tó mú ọmọ kúrò ní ilé ìwé láìgbàṣẹ jẹ́ £80 fún òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń di £160 bí a bá jẹ́ kí ọjọ́ 21 kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni òun fẹ́ rà, kí ó ṣọ́ra. Àjíǹde kì í dúró sójú kan. Ní 2024 ó bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ 13, ní 2025 sínú ọ̀sẹ̀ 16, ní 2026 sínú ọ̀sẹ̀ 14, ní 2027 yóò padà sínú ọ̀sẹ̀ 13. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè bá a rìn. Kérésìmesì pàápàá ń tanni. Ẹni tó ni ọ̀sẹ̀ 51 rò pé Kérésìmesì lòun ní, ṣùgbọ́n ní 2027 Kérésìmesì bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ yẹn gan-an ni yóò kó ẹrù jáde láàárọ̀ fún ẹni tó ni ọ̀sẹ̀ 52.

Iṣẹ́ wa ńkọ́? Ẹ̀yin tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù mọ bí a ṣe ń du ìsinmi oṣù kẹjọ. Ọ̀gá lè fún yín lọ́dún yìí, kó sì fún ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé ìsinmi dá yín lójú, ìsinmi iṣẹ́ kò dájú. Físà náà ńkọ́? Ọkọ ọmọ màmá ṣì ń lo páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Bó tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú nílùú ọba, yóò gba físà Schengen kó tó wọ Sípéènì, Tenerife sì jẹ́ ti Sípéènì. Ìwé ọ̀sẹ̀ lè fi hàn pé ó ní ibi tí yóò sùn sí. Kò lè fún un ní físà.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé bí Tenerife bá sú yín, ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ yín ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́dọ̀ RCI tàbí Interval International. Òótọ́ ni, iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe nìyẹn. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó pàṣípààrọ̀ wà, ẹni tó bá mú ọ̀sẹ̀ tó dára wá ló sì ń rí èyí tó dára gbà. Bí ẹ kò bá fẹ́ ibi tí ẹ ń rà fúnra rẹ̀, ẹ má rà á.

Ní ti òfin, ohun tó yọ èmi ní 2014 kò ní yọ màmá. Òfin ìlú ọba ti 2010 fún ẹni tó rà á lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, oníṣòwò náà kò sì gbọdọ̀ gba owó kankan láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Alágbàtà tó ń bá ènìyàn rà á tàbí tà á kò gbọdọ̀ gbowó kí títà náà tó parí. Bí ó bá béèrè owó ṣáájú, ẹ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe oníṣòwò. Bí ẹ bá ti kówó fún un, ọjọ́ 14 kankan kò sí. Kí ẹ tó sanwó ni gbogbo ìwádìí gbọ́dọ̀ parí.

Ẹ kọ̀wé sí àwọn alábòójútó ilé náà fúnra wọn. Ṣé orúkọ ẹni tó ń tà á ló wà nínú ìwé wọn? Ṣé ó jẹ gbèsè? Ṣé wọ́n gbà kí ọ̀sẹ̀ náà di ti ẹlòmíràn, àbí àwọn ló ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ rà á? Ṣé ẹni náà kò tíì fi ọ̀sẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀? Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan pé wọ́n san owó ìtọ́jú ọdún àkọ́kọ́ pé pérépéré, kí wọ́n tó gbọ́ pé ẹni tó tà á ti lo ọ̀sẹ̀ ọdún yẹn tán. Kí ẹ sì gba ìwé owó ìtọ́jú ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wò, kí ẹ rí bó ṣe ń gòkè.

Ẹ wo ọjọ́ tí àdéhùn náà yóò parí. Òfin Sípéènì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1999 sọ pé àdéhùn tuntun kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 50, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù sì dájọ́ ní oṣù kìn-ín-ní 2015 pé èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn òfin náà láìní òpin kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú Léfítíkù orí 25, iye ìkórè tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye ilẹ̀: bí ọdún bá ti pọ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ti ọ̀sẹ̀ yìí lè jẹ́ òdìkejì. Níbi tí gbèsè bá ti ń bá ìkórè rìn, ọdún mẹ́jọ tó ṣẹ́ kù lè dára ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìwé ti màmá, 2048 ló parí. Màmá á ti kọjá ẹni ọdún 85 nígbà náà.

Mo dá ìwé náà padà fún un, mo sì sọ gbogbo èyí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwọ ńkọ́, ṣé wàá rà á?" Mo ní, "Màmá, bó bá jẹ́ èmi, mo máa háyà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́dún kan ná, ká mọ̀ bóyá gbogbo yín á lè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé owó ìtọ́jú." Ó béèrè rẹ̀. Obìnrin náà mú ti ọdún méjì wá. Ti ọdún kẹta, tó jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe òrùlé, ó ní òun ṣì ń wá a. £500 náà ṣì wà ní báǹkì màmá.