GÍLÓÒBÙ AGBÀṢẸ TÀBÍ SÚWÍÌṢÌ AGBÀṢẸ: ÈWO NI Ó YẸ ILÉ WA?



Láti ìgbà tí iná mànàmáná ti dé àwọn agbo ilé Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrunka, ohun kan ṣoṣo ni a mọ̀: a ó na ọwọ́ sí ara ògiri, a ó tẹ súwíìṣì, gílóòbù yóò sì tàn. Ní òde òní, ohun èlò tuntun méjì ti dé ọjà. Ọ̀kan ni gílóòbù tí a lè fi fóònù tàn tàbí kí a fi pa á. Èkejì ni súwíìṣì tí ó ń gba irú àṣẹ kan náà. Smart bulb àti smart switch ni àwọn oníṣòwò ń pè wọ́n. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó pè wọ́n ní gílóòbù agbàṣẹ àti súwíìṣì agbàṣẹ. Ó yẹ kí onílé mọ ìyàtọ̀ wọn kí ó tó náwó, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢIṢẸ́

Gílóòbù agbàṣẹ ní ẹ̀rọ kékeré nínú, tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti orí fóònù nípasẹ̀ Wi-Fi tàbí Bluetooth. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ láàárín wọn ni Philips Hue, tí ó jáde ní 2012. Fífi í sípò kò gba wàhálà: a ó yọ ti àtijọ́, a ó fi tuntun síbẹ̀. Kí a sáà kọ́kọ́ wò ó bóyá onípíìnì ni ẹnu rẹ̀ tàbí onísúkúrúù.

Ní ti súwíìṣì agbàṣẹ, ara ògiri ni ẹ̀rọ tirẹ̀ wà. Gílóòbù LED lásán ni a ó lò pẹ̀lú rẹ̀, súwíìṣì kan sì lè ṣàkóso gílóòbù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí fóònù kò bá sí nítòsí, a ṣì lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

ÌṢÒRO GÍLÓÒBÙ AGBÀṢẸ

Gílóòbù yìí kò lè gbọ́ àṣẹ bí iná kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ pa súwíìṣì ara ògiri rárá. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ sùn, tí ó sì pa súwíìṣì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ọmọ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ lè tẹ fóònù títí, gílóòbù kò ní dáhùn. Nínú agbo ilé tí bàbá, ìyá, ọmọ, ayálégbé àti àlejò ti jọ ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan kọjá, ta ni yóò máa ṣọ́ ẹni tí ó fọwọ́ kan súwíìṣì?

Ìṣòro kejì ni iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Orúkọ NEPA tí a ti mọ̀ láti 1972 ti kúrò nínú ìwé ìjọba láti 2005, àwọn iléeṣẹ́ aládàáni sì gba iṣẹ́ pínpín iná ní 2013, síbẹ̀ "Up NEPA!" ni àwọn ọmọ wa ń kígbe nígbà tí iná bá dé. Bí iná bá lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ó sì padà ní aago méjì òru, ọ̀pọ̀ gílóòbù agbàṣẹ yóò tàn fúnra wọn lójú oorun wa. Àwọn kan wà tí a lè fi fóònù tò kí wọ́n padà sí ipò tí wọ́n wà kí iná tó lọ. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á.

ÌṢÒRO SÚWÍÌṢÌ AGBÀṢẸ

Wáyà méjì ni iná ń tọ̀. Láìfù ń gbé iná wá, níútúrà ń dá a padà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, láìfù nìkan ni wọ́n fà sọ̀ kalẹ̀ sí ibi súwíìṣì. Níútúrà gba òkè àjà lọ sí ọ̀dọ̀ gílóòbù. Súwíìṣì lásán kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú súwíìṣì agbàṣẹ ń jẹ iná tọ̀sán-tòru, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè níútúrà. Àwọn tí kò béèrè rẹ̀ ń jẹ́ kí iná díẹ̀ máa gba inú gílóòbù kọjá, LED sì lè máa ṣẹ́jú, tàbí kí ó máa tàn bàìbàì lẹ́yìn tí a ti pa á.

Iná 230 fóòtì kì í ṣe ohun ìṣeré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú súwíìṣì fúnra rẹ̀. Kí a pe oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́. Kí ó pa iná láti orísun rẹ̀, kí ó pa jẹnẹrétọ̀ àti inverter pẹ̀lú, kí ó sì dán wáyà wò kí ó tó fọwọ́ kàn án.

NÍPA OWÓ INÁ

Gílóòbù àtijọ́ oní 60 watt tí ó ń tàn fún wákàtí 5 lójúmọ́ ń jẹ yúnìítì 9 ní ọjọ́ 30. LED oní 9 watt, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tirẹ̀ dọ́gba, ń jẹ yúnìítì 1.35. Ní oṣù Kẹrin 2024, nígbà tí yúnìítì kan di 225 náírà fún àwọn oníbàárà ìsọ̀rí A, ìyàtọ̀ yìí ju 1,700 náírà lọ lórí gílóòbù kan. Ẹ kíyè sí i pé LED ni ó mú èrè náà wá, kì í ṣe fóònù. Àní, bí gílóòbù agbàṣẹ 10 bá ń jẹ ìdajì watt lọ́kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 19 tí wọn kò tàn, yúnìítì 2.85 yóò bá a lọ lóṣù. Ìyẹn ju ohun tí LED 2 fi ń tànmọ́lẹ̀ lọ.

Bákan náà, ògiri amọ̀ tí ó nípọn lè dí Wi-Fi lọ́wọ́. Àwọn ohun èlò mìíràn sì gbára lé kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n. Ní oṣù Kẹrin 2022, iléeṣẹ́ Insteon ní Amẹ́ríkà pa kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lójijì, àṣẹ orí fóònù sì já lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹni tí ó ní súwíìṣì tí a lè fọwọ́ tẹ̀ kò ní jókòó sínú òkùnkùn nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN WA

1. Ayálégbé oníyàrá kan lè ra gílóòbù agbàṣẹ. Bí ó bá ń kó lọ, yóò yọ ọ́ dání.

2. Onílé tí èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí níútúrà sì wà níbi súwíìṣì rẹ̀, kí ó yan súwíìṣì agbàṣẹ fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti iná ìta.

3. Kí a má ṣe fi méjèèjì sí ojú iná kan, nítorí bí súwíìṣì bá ti gé iná, gílóòbù kò ní gbọ́ àṣẹ mọ́.

4. Bí wáyà ilé bá ti gbó, kí a kọ́kọ́ fi owó tún un ṣe, kí a sì ra LED lásán. Ìtùnú ni fóònù. Ààbò ẹ̀mí ni wáyà tí ó dára.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

Ǹjẹ́ níútúrà wà níbi súwíìṣì ilé yín? Àwọn mélòó ni ó ń lo súwíìṣì kan náà lójúmọ́? Nígbà wo ni oníṣẹ́ iná yẹ wáyà ilé yín wò kẹ́yìn?