Èdè-Ìperí fún Àìsàn Ẹja Inú Àpótí Omi Òkun: Ẹja Tí Ó Ń Rù

1.0 ÌFÁÁRÀ

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí olùkọ́ àti olùtumọ̀ nílò láti fi ṣàlàyé àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ẹja tí ó ń rù nínú àpótí omi òkun tí àwọn ènìyàn ń sìn ẹja sí nínú ilé. Irú ọ̀sìn yìí wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú ẹja tí a ń tà fún un ni a sì ń kó wá láti etí òkun Fílípíìnì àti Indonéṣíà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ náà, òun náà ni a sì fi ń kọ ìlànà sí ara ìgò oògùn. Ìṣòro ẹni tí yóò túmọ̀ wọn kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè bo ohun méjì tí ìtọ́jú wọn yàtọ̀ sí ara wọn pátápátá.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti la irú ọ̀nà yìí kọjá. Ní ọdún 1853 ni a ṣí ilé ẹja sí ọgbà ẹranko London kí gbogbo ènìyàn lè máa wò ó. Ní ọdún 1854 ni Philip Henry Gosse tẹ ìwé rẹ̀, The Aquarium, jáde, tí orúkọ náà sì tàn kálẹ̀. Nínú èdè Látìn, ibi tí ẹran ọ̀sìn ti ń mu omi ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí. Fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lójú ni a fi sọ ọ́ di ilé ẹja. Yorùbá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. "Àpótí-ẹja" ni iṣẹ́ yìí yóò máa lò.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ àìsàn ẹja, okùnfà ni ilé tí a ó wò, nítorí pé orúkọ tí a bá fún àrùn ni oògùn yóò tẹ̀ lé.

2.0 ÀMÌ RÍRÙ

Ọ̀rọ̀-ìṣe "rù" kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ènìyàn a máa rù, ewúrẹ́ a máa rù. Àpètúnpè ni a fi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ "rírù". Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má ṣe fi í pe ohun tí ó jẹ́ ìṣẹ̀dá ẹja. Ẹja òkun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chelmon rostratus. Ẹnu rẹ̀ gùn ṣóńṣó bí ẹ̀mú, ó sì ní ọ̀já aláwọ̀ ọsàn lára. Pẹlẹbẹ ni a dá a. Bí a bá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ì báà rù, ì báà sanra, bákan náà ni yóò rí lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Iwájú ni a ti ń wò ó. Ẹja tí ara rẹ̀ dá máa ń kún lókè ojú àti lẹ́yìn orí. Ti ẹja tí ó ń rù a máa jìn wọnú, tí orí yóò fi dà bí ẹni pé ó tóbi ju ara lọ.

Àmì méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ níhìn-ín. "Ìwọnú ikùn" ni kí ikùn fà wọlé. Ó lè jẹ́ pé ẹja náà kò tíì jẹun láti àárọ̀ ni. "Gbígbẹ ẹ̀yìn" ni kí ẹran tí ó wà lẹ́yìn orí àti lẹ́bàá egungun ẹ̀yìn joro. Èyí fi hàn pé ẹja náà ti ń jẹ ẹran ara rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Bí a bá túmọ̀ méjèèjì sí "ó rù" lásán, onẹ́ja kò ní mọ̀ bóyá ebi òwúrọ̀ kan ni òun ń wò tàbí ikú tí ó ti sún mọ́ tòsí.

3.0 ORÍṢÌÍ RÍRÙ MẸ́TA

Lẹ́yìn àmì, okùnfà ni ó kàn. Ìbéèrè kan ni ó ń la ọ̀nà: ǹjẹ́ ẹja náà ń jẹun? Ẹni tí kò bá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí yóò wà ní ipò ẹja-ń-bákàn títí ẹja rẹ̀ yóò fi kú. Ìdáhùn sí i pín rírù sí ọ̀nà mẹ́ta.

(i) Rírù ìkọ-oúnjẹ: Ẹja náà rí oúnjẹ, kò jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé ìrìn àjò ti dá a lágara, pé omi kò dára, tàbí pé kòkòrò àfòmọ́ ti bo ẹ̀yà-ìmí rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò mọ ohun tí a fún un sí oúnjẹ rárá. Aràn wẹ́wẹ́ àti ẹ̀dá kéékèèké tí ó ń tú jáde láti inú pàlàpálá òkúta ni Chelmon rostratus ń jẹ nínú òkun. Oúnjẹ gbígbẹ tí ó ń léfòó lójú omi kò jọ ọ́ lójú.

(ii) Rírù àìrító: Ẹja náà ń jẹun, ṣùgbọ́n kò tó o. Àpẹẹrẹ kan ni Synchiropus splendidus, ẹja kékeré aláràbarà tí ó máa ń ṣa ẹ̀dá tíntìntín tí ó jẹ́ ìbátan edé jẹ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nínú àpótí-ẹja tuntun, ẹ̀dá wọ̀nyí kì í pọ̀. Onẹ́ja yóò máa rí i tí ó ń ṣa nǹkan jẹ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rù. Ẹja mìíràn sì wà tí àwọn ẹja tí ó lágbára jù ú lọ kì í jẹ́ kí ó dé ìdí oúnjẹ.

(iii) Rírù ajẹun-má-sanra: Ẹja náà ń jẹ àjẹyó, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbẹ. Inú ara ni a ó ti wá okùnfà èyí: aràn, kòkòrò àìfojúrí inú ìfun, tàbí àrùn kókó tí a ó ṣàlàyé níwájú.

Ìgbẹ́ funfun tí ó ń fà bí òwú wọ́pọ̀ nínú (i) àti (iii). Ìfun tí ó ṣófo lè yọ irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òun nìkan kò tó ẹ̀rí pé aràn wà.

4.0 ORÚKỌ TÍ Ó LÈ ṢI ÌTỌ́JÚ LỌ́NÀ

4.1 Ẹfun: Bí ara ẹja bá ní tóótòòtó funfun bí ẹni pé a bu ẹfun wọ́n ọn, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè fà á. Nínú omi odò, Ichthyophthirius multifiliis ni. Nínú omi òkun, Cryptocaryon irritans ni, èyí tí Brown fún ní orúkọ ní ọdún 1951. Orúkọ ìnagijẹ kan náà ni àwọn onẹ́ja tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pe méjèèjì. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn a gbọ́ pé iyọ̀ ń wo àrùn náà sàn, a sì gbàgbé pé inú iyọ̀ ni kòkòrò ti òkun ń gbé. "Ẹfun-odò" àti "ẹfun-òkun" ni ó yẹ kí a máa pè wọ́n.

Kòkòrò ẹfun-òkun a máa wà lára ẹja fún ọjọ́ 3 sí 7. Lẹ́yìn náà a já bọ́, a di ìsun sí ilẹ̀ àpótí, a sì pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Ọmọ wọ̀nyí sábà máa ń jáde láàárín ọjọ́ 3 sí 28, ṣùgbọ́n a ti rí èyí tí ó tó ọjọ́ 72. Ìgbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ kiri nìkan ni oògùn lè pa wọ́n. Nítorí náà, kí tóótòòtó náà lọ kì í ṣe ìwòsàn. "Ìparẹ́ àmì" ni orúkọ tí ó bá a mu.

4.2 Kókó: Bakitéríà Mycobacterium marinum, tí Aronson rí lára ẹja òkun ní Philadelphia ní ọdún 1926, jẹ́ ìbátan èyí tí ó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nítorí èyí ni olùtumọ̀ ṣe lè fẹ́ pe àrùn rẹ̀ ní "ikọ́ ẹja". Ṣùgbọ́n ẹja kì í wúkọ́. Ohun tí àrùn náà ń ṣe ni pé ó ń so kókó sí inú ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, tí ẹja yóò sì máa rù. "Àrùn kókó" yẹ ẹ́ jù. Kò sí oògùn tí ó dájú fún un lára ẹja, ó sì lè ran ènìyàn láti ojú egbò ọwọ́. Kí ẹni tí ó bá ní egbò má ṣe ki ọwọ́ bọ omi náà láìwọ ìbọ̀wọ́.

4.3 Iyùn: Ìlẹ̀kẹ̀ ni iyùn lójú Yorùbá, ohun tí kò ní ẹ̀mí. Nínú àpótí-ẹja, ẹranko tí ó ń jẹun ni. Ẹni tí ó bá rò pé òkúta ọ̀ṣọ́ ni yóò da oògùn bàbà sí i, iyùn náà yóò sì kú, àti edé, akàn àti ìgbín inú omi tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. "Iyùn alààyè" ni ó yẹ kí olùkọ́ máa wí.

4.4 Bàbà: Bàbà ni a fi ń pa kòkòrò ẹfun-òkun, ṣùgbọ́n oríṣìí méjì ni ó wà. Ìwọ̀n "bàbà aláìdè" jẹ́ mílígíráàmù 0.15 sí 0.20 nínú lítà omi kan. "Bàbà dídè", tí a so mọ́ èròjà mìíràn kí agbára rẹ̀ lè rọ̀, ń gbà tó mílígíráàmù 2.0 sí 2.5 nínú lítà kan. Nínú àpótí lítà 80, mílígíráàmù 16 ti aláìdè ti tó, bẹ́ẹ̀ ni dídè yóò gbà tó 160. Bí olùtumọ̀ bá kọ "bàbà" lásán, onẹ́ja lè fi ìlọ́po mẹ́wàá pa ẹja rẹ̀, tàbí kí ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá tọ́jú rẹ̀ lórí asán.

5.0 ÌLÀNÀ ÌTỌ́JÚ

Omi ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ìwọ̀n iyọ̀ omi òkun jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù omi kan. Amóníà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Kí olùtumọ̀ sì fi ìyàtọ̀ sí "náítíráìtì", èyí tí bakitéríà kọ́kọ́ ń sọ amóníà dà, àti "náítíréètì", èyí tí náítíráìtì ń dà lẹ́yìn náà. Fáwẹ̀lì nìkan ni ó yà wọ́n, òǹtẹ̀wé sì lè ṣì í tẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a ó gbé ẹja náà lọ sí "àpótí-ìtọ́jú", níbi tí kò sí iyùn, òkúta tàbí yanrìn, nítorí òkúta ẹfun àti yanrìn ń fa bàbà mu. Oúnjẹ ni ó kàn: ọmọ Artemia tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tàbí ẹ̀dá mìíràn tí ó ń mira, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Ẹja tí ó bá sanra padà nípa oúnjẹ nìkan kò nílò oògùn.

Bí ó bá jẹ́ ajẹun-má-sanra ni, a ó mọ irú ohun tí ó wà nínú ìfun. Praziquantel ni ti aràn pẹlẹbẹ, fenbendazole ni ti aràn fọ́nrán, metronidazole sì ni ti kòkòrò onírù. "Oògùn aràn" lásán kò tó, nítorí èyí tí ó ń pa ọ̀kan kì í sábà pa èkejì. Àwọn oògùn tí a pò mọ́ oúnjẹ ni ó ń dé ìfun dáadáa, ìdí nìyí tí ẹja fi gbọ́dọ̀ máa jẹun ná.

Bí ó bá jẹ́ ẹfun-òkun ni, a ó máa fi bàbà kún omi díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi pé ìwọ̀n, a ó máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 30. Àpótí-ẹja àkọ́kọ́ yóò wà láìní ẹja fún ohun tí ó ju ọjọ́ 72 lọ.

6.0 ÀKÓJỌ Ọ̀RỌ̀-ÌPERÍ

Ìwọnú ikùn: kí ikùn ẹja fà wọlé, àmì ebi.
Gbígbẹ ẹ̀yìn: kí ẹran ẹ̀yìn ẹja joro, àmì rírù ọlọ́jọ́ pípẹ́.
Ẹ̀yà-ìmí: ẹ̀yà ara ẹ̀gbẹ́ orí tí ẹja fi ń mí nínú omi.
Ìparẹ́ àmì: kí àmì àrùn lọ nígbà tí okùnfà rẹ̀ ṣì wà.
Ẹfun-odò, ẹfun-òkun: àrùn tóótòòtó funfun ti omi odò àti ti omi òkun.
Àrùn kókó: àrùn tí Mycobacterium ń fà nínú ẹja.
Bàbà aláìdè, bàbà dídè: oríṣìí oògùn bàbà méjì tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba.
Àpótí-ìtọ́jú: àpótí tí a ya ẹja aláìsàn sọ́tọ̀ sí.

7.0 ÌKÁDÌÍ

Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a lò wọ̀nyí ni ó ti wà lẹ́nu Yorùbá tẹ́lẹ̀: rù, ẹfun, kókó, iyùn, bàbà, aràn. Ohun tí ó kù sí ọwọ́ olùtumọ̀ ni láti fi ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ kan níbi tí ìtọ́jú bá ti pínyà. Níbi tí ìtọ́jú kò bá ti pínyà, kò sí ìdí láti dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè ka àlàyé ní Yorùbá, tí ó sì mú oògùn tí ó tọ́ ní ìwọ̀n tí ó tọ́, ọ̀rọ̀-ìperí náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.