Bí Candida Ṣe Ń Ti Inú Ẹ̀jẹ̀ Wọ Kíndìnrín àti Ojú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "toilet infection" káàkiri Alímọ̀ṣọ́? Lára ohun tó sábà ń fà á ni Candida albicans, kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹbí olú ni, àti ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú. Ó ń gbé lẹ́nu, nínú ìfun àti lójú ara ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le, láìdá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó kàn ń yúnni yẹn kì í sábà wọ ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀.

Ibo ló wá ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀? Ó lè gba ara rọ́bà tín-ínrín tí wọ́n fi sínú iṣan ńlá aláìsàn, tó pẹ́ níbẹ̀. Ó lè gba ojú iṣẹ́ abẹ inú. Oògùn apakòkòrò náà máa ń pa bakitéríà rere tó ń dí i lọ́wọ́ nínú ìfun, ó sì máa ń pọ̀ sí i. Bí oògùn jẹjẹrẹ bá tún ti dín ọmọ ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù, ọ̀nà ti là fún un nìyẹn.

Ṣùgbọ́n wíwọ ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wíwọ ẹ̀yà ara. Ẹni tó wọ dáńfó láti Ìkòtún lọ sí Ẹgbẹ́dá, tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìdímù, gbọ́dọ̀ pariwo "ó wà o!" Báwo ni Candida ṣe ń bọ́ọ́lẹ̀?

Àkọ́kọ́, ó máa lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, á yí ara padà: èyí tó rí roboto á hu bí òwú. Purotéènì kan wà lára òwú yìí, Als3, tó ń di sẹ́ẹ̀lì ògiri náà mú bíi pé ẹbí rẹ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì, òwú á sì gba ibẹ̀ yọ sódì kejì. Ó tún ní májèlé kan, candidalysin, tó ń lu sẹ́ẹ̀lì ní ihò. Ọdún 2016 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ló ń gba kíndìnrín kọjá, ibẹ̀ sì wà lára ibi tó máa ń kọlù. Ó tún ń dé ẹ̀dọ̀, ọkàn, ọpọlọ àti ẹ̀yìn ẹyinjú. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń yẹ ojú ẹni tí Candida wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ó ní àbúrò kan tó le jù ú lọ, Candida auris. Ọdún 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Japan, láti etí aláìsàn kan. Ó máa ń pẹ́ lára awọ àti bẹ́ẹ̀dì, ọ̀pọ̀ oògùn ni kì í sì í ràn án. Wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà náà. Ní 2022, àjọ WHO fi àwọn méjèèjì sí ipò tó léwu jù lọ nínú àkójọ olú tó ń fa àrùn.

Kí ni tiwa níbẹ̀? Bí èèyàn yín bá wà ní ọsibítù pẹ̀lú rọ́bà lára, tí ibà rẹ̀ kò gbọ́ oògùn apakòkòrò, ẹ bi dókítà pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò lè jẹ́ Candida? Ṣé rọ́bà yìí ṣì wúlò?" Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè má rí i ní bí ìdajì ìgbà, torí náà kí a tètè béèrè ló dáa. Ní kẹ́mísìtì náà, ẹ má kàn ra oògùn apakòkòrò nítorí ara ń yún yín. Kò lè pa Candida; ṣe ló máa gbálẹ̀ dè é.