Bí A Ti Ń Gbé Àtíbàbà Ró Kí Ìjì Má Baà Gbé E Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Irú ogun bẹ́ẹ̀ ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò jẹ́ ní ìlú Ìlọrin. Ọdọọdún ni ó ń bọ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, a sì tún máa padà wá nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé yóò wá. Síbẹ̀síbẹ̀, ọdọọdún náà ni ó ń gbé àtíbàbà kúrò lórí àwọn tí ó jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Èmi náà fi ojú mi rí i ní Òpópónà Táíwò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú Ìlọrin mọ bí òpópónà náà ti rí láti Táíwò Òkè dé Táíwò Ìsàlẹ̀: ìsọ̀ ni ó kún apá ọ̀tún, ìsọ̀ ni ó kún apá òsì, ọ̀dà ni a fi tẹ́ ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ìparí oṣù kẹta, a péjọ sí ilé kan tí kò jìnnà sí òpópónà yìí láti sọ ọmọ tuntun lórúkọ. Àtíbàbà onírin mẹ́ta, irú èyí tí à ń pè ní kánópì, ni wọ́n gbé ró sórí ọ̀dà níwájú ilé. Wọ́n funfun, wọ́n sì wuni. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé wọn wá léèrè ohun tí ó di ẹsẹ̀ wọn mú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Tíṣà. Irin ni, ó wúwo."

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àfáà ti ṣe àdúà tán tí oúnjẹ sì ń lọ káàkiri, ojú ọ̀run ṣú ní ìhà ìlà-oòrùn. Ooru tí ó ti ń mú wa láti òwúrọ̀ dáwọ́ dúró lójijì, eruku sì dìde. Kí a tó ṣẹ́jú, àtíbàbà àárín ti fò sókè bí agbòjò tí a ṣí lójú ẹ̀fúùfù. Ọ̀pá irin kan já lu ìyá àgbà kan ní èjìká, ó sì ṣẹ́ ẹ léegun. Ìyá ìkókó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ wọlé ni. Àga tí ó dìde lórí rẹ̀ ni ọ̀pá kejì fọ́ yángá.

Kí ni ó fa èyí? Ẹ jẹ́ kí a fi àtíbàbà àwọn baba wa wé ti òde òní. Àwọn baba wa a gbẹ́ ihò, wọn a ri òpó igi mọ́lẹ̀, wọn a sì fi erùpẹ̀ kì í pinpin. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ń tò sórí rẹ̀. Lóòótọ́, òjò a máa jò gba inú imọ̀ ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ pẹ̀lú a máa rí àyè kọjá láàárín ewé. Kánópì kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ rẹ̀ kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọlẹ̀. Òrùlé rẹ̀ dà bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ti àga. Ìjì kì í kàn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́; abẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbà wọlé tí ó fi ń gbé e sókè. Nítorí náà, ẹsẹ̀ àtíbàbà ni kí á kọ́kọ́ wò kí á tó yin òrùlé rẹ̀.

Bí eré ìjì bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìjì tí ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan ń fi agbára tí ó tó ìwọ̀n kílò 6 ti aṣọ tí ó jẹ́ mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó. Bí eré rẹ̀ bá di kìlómítà 72, agbára náà a di nǹkan bí kílò 25. Àtíbàbà kékeré tí ó jẹ́ mítà 3 níbùú, mítà 3 lóròó, gba irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mẹ́sàn-án. Èyí ni pé ìjì lè fi agbára tí ó ju kílò 200 lọ kọlù ú. Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan kò tó láti dúró dè é.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí á ṣe é?

Èkíní, kí á yan ibi tí ó dára. Kí á má ṣe gbé àtíbàbà sábẹ́ wáyà iná mànàmáná tàbí sábẹ́ igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ.

Èkejì, kí á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ erùpẹ̀, kí á gbá èèkàn irin tí ó gùn tó igbọ̀nwọ́ kan wọlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí orí rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí àtíbàbà. Bí ó bá jẹ́ orí ọ̀dà, níbi tí èèkàn kò lè wọlẹ̀, kí á so àpò iyanrìn tàbí kẹ́ẹ̀gì tí omi kún mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 wúwo tó kílò 25. Kí á so ó mọ́ ẹsẹ̀ náà típẹ́típẹ́, nítorí ẹrù tí a kàn gbé tì í kò di nǹkan kan mú.

Ẹ̀kẹta, kí á ta okùn láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òrùlé wá sí ilẹ̀, kí á sì so aṣọ pélébé aláwọ̀ pupa mọ́ okùn náà, kí ó má baà gbé ọmọdé ṣubú.

Ẹ̀kẹrin, kí á fa aṣọ òrùlé le, kí ó sì dagẹ̀rẹ̀, kí omi má baà dúró lórí rẹ̀. Omi tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré lórí mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó, wúwo tó kílò 10.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, kí á mọ ìgbà tí ó yẹ kí á tú u. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lè dá afẹ́fẹ́ kékeré dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá ìjì ńlá dúró. Bí ojú ọ̀run bá ṣú ní ìlà-oòrùn, tí atẹ́gùn tútù sì dé lójijì, kí á kó àwọn ènìyàn wọ inú ilé, kí á sì sọ aṣọ òrùlé kalẹ̀ bí àyè bá wà. Bí àrá bá ti ń sán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró ti ọ̀pá irin. Kò sí ẹni tí yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ ra àtíbàbà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo tún bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàdé níbi ayẹyẹ mìíràn. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì méjì ni ó so mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó rí i pé mò ń wo ìdí òpó, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì bi mí léèrè àlàáfíà ìyá àgbà.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí irin ẹsẹ̀ kánópì nìkan kò fi tó láti dá ìjì dúró?
2. Sọ ìyàtọ̀ méjì tí ó wà láàárín àtíbàbà onímọ̀ ọ̀pẹ àti kánópì.
3. Ṣe àlàyé òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ àyọkà yìí, kí o sì fi hàn bí ó ti bá ọ̀rọ̀ ìjì mu.
4. Kọ àròkọ lórí ayẹyẹ kan tí òjò dà rú ní àdúgbò rẹ, kí o sì sọ ohun tí ìbá ti dára kí àwọn ènìyàn ṣe ṣáájú.